Ṣé dandan ni kí n jó dé iwájú pẹpẹ nígbà tí ọkàn mi ò dúpẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi jóná lóṣù kẹta ọdún yìí, gbogbo aṣọ tó kó síbẹ̀ ló bá iná lọ, gbèsè tó fi ra ọjà sì ṣì wà lọ́rùn wa. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sún mọ́lé báyìí, ẹgbẹ́ wa ti mú aṣọ, wọ́n ti pín káàdì, wọ́n ní gbogbo ìdílé ló máa jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ẹnfílóòpù ọpẹ́ lọ́wọ́. Mo ní èmi ò lè jó lọ́dún yìí. Bí ìyá ẹgbẹ́ wa ṣe sọ lójú gbogbo èèyàn nìyẹn pé ẹ̀mí àìmoore ló ń dà mí láàmú, pé ṣebí ọkọ mi ò bá iná lọ. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, látìgbà tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, ìráhùn ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn, mo ń kùn sí ọkọ, mo ń jágbe mọ́ ọmọ, àdúrà gan-an ti di ẹjọ́ rírò. Ṣé kì í ṣe àgàbàgebè ni kí n máa jó nígbà tínú mi ò dùn? Báwo lèèyàn ṣe ń ní ọkàn ọpẹ́ tó dénú?

* * *

Ẹ kú ewu iná o. Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn èyí tó rọrùn níbẹ̀: kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ jó. Èèyàn lè jó títí gèlè á fi tú kó má dúpẹ́ rárá, ẹlòmíì sì lè jókòó sórí àga ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dópin kó jẹ́ pé òun gan-an ló dúpẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá ẹgbẹ́ yín pa pọ̀.

Ti àgàbàgebè yẹn, mi ò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ ka Jòhánù orí 11. Jésù dé ibojì Lásárù, ẹsẹ 35 ní ó sunkún, nígbà tó fi máa di ẹsẹ 41 ó ti gbójú sókè, ó ń sọ pé Baba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ̀nba ẹsẹ díẹ̀ yẹn ló wà láàárín ẹkún àti ọpẹ́, ẹnu kan náà, ẹ̀bá ibojì kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa fi í lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́, ó mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́, Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú 1 Kọ́ríńtì 11, ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò sì tíì mọ́ tó fi sọ fún Pétérù àtàwọn méjì tó mú dání ní Gẹtisémánì pé ọkàn òun bàjẹ́ títí dé ojú ikú. Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní àgàbàgebè. Kẹ́ ẹ nu ojú yín nù kẹ́ ẹ wá máa sọ fáwọn èèyàn pé kò sóhun tó ṣe yín, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ àgàbàgebè.

Torí náà èmi ò bẹ̀rù ijó tẹ́ ẹ ò fẹ́ jó. Ohun tó ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yín ni àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń jágbe mọ́. Ìkùnsínú ti ń wọlé tọ̀ yín, ìyẹn ló yẹ ká jókòó tì, mo sì máa padà sórí ẹ̀.

* * *

Àwọn tó fèsì lẹ́yìn mi, ohun kan náà lọ̀pọ̀ yín ń sọ: kí wọ́n sáà dúpẹ́, Ọlọ́run á fi ìlọ́po méje dá a padà. Arákùnrin kan láti Òṣogbo tún fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.

Òwe yẹn dáa, bàbá mi fi tọ́ wa dáadáa. Láàárín èèyàn sí èèyàn ló wúlò. Ẹni tó fún ẹ ní nǹkan lánàá, tó ò padà wá kí, á rò ó wò lọ́jọ́ mìíì kó tó na ọwọ́ sí ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Orin Dáfídì 50, Ọlọ́run ní bí ebi bá tiẹ̀ ń pa òun, òun ò ní sọ fún yín, torí òun lòun ni ayé àti ẹ̀kún ẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ní kí wọ́n rú ẹbọ ọpẹ́. Ẹni tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ tiẹ̀, kí lo fẹ́ fi ọpẹ́ dẹ lọ́wọ́ ẹ̀?

Arábìnrin tó jẹ́rìí pé òun dúpẹ́ tán lóun rí iṣẹ́, mo bá yín yọ̀ tọkàntọkàn, mi ò bá yín jiyàn iṣẹ́ yín. Ìbéèrè tèmi ni pé kí la máa wá sọ fún ẹni tó dúpẹ́ lésìí, tó tún dúpẹ́ lọ́dún yìí, tí ọwọ́ ẹ̀ ò sì tíì ba nǹkan kan? Tó bá jẹ́ pé owó ọjà ni ọpẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ ẹni yẹn jẹ nìyẹn, kò sì jọ Ọlọ́run tí mo mọ̀. Hábákúkù ò sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹ ka orí 3 ẹsẹ 17, ẹ fara balẹ̀ ka gbogbo nǹkan tó kà sílẹ̀ níbẹ̀: igi ọ̀pọ̀tọ́ ò yọ òdòdó, àjàrà ò so, ólífì já wọn kulẹ̀, oko ò mú oúnjẹ wá, wọ́n ti kó agbo ẹran lọ, màlúù ò sí nílé ẹran mọ́. Ìlú àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n o. Gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ, gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, ló ti lọ tán nínú ẹsẹ kan yẹn. Ó wá ní síbẹ̀ òun á yọ̀ nínú Olúwa. Kò sọ pé torí òun mọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀ ólífì á so ìlọ́po méje. Ẹ má kàn fi tiyín kún ẹnu wòlíì.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá ó dáa kéèyàn yá owó fi ṣe ìdúpẹ́. Ó ní òun yá a lórí áàpù fóònù kan láti fi ra aṣọ ẹbí àti ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ òun, pé nígbà tí owó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láago, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú fóònù ẹ̀ pé olè ni.

Rárá o. Mi ò tiẹ̀ ní fi iyọ̀ sí i. Ọpẹ́ tí yóò sọ ẹ́ di ẹni tí wọ́n ń pè lólè lóṣù tó tẹ̀ lé e, ta ló béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ? Ọlọ́run kọ́. Àwa la ti sọ ìdúpẹ́ di ìnáwó: kánópì, jọ́lọ́ọ̀fù, aṣọ ẹbí, abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, oníkámẹ́rà méjì. Ẹni tí ò bá ní i á wá máa sún ọpẹ́ síwájú títí tówó á fi dé, mo mọ ẹni tí Ọlọ́run wò sàn tó ní òun ò tíì lè jẹ́rìí torí òun ò tíì ra aṣọ.

Wọ́n máa ń fi opó tó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí pàrọwà fún wa, ẹnì kan sì ti kọ ọ́ sókè yẹn pé gbogbo ohun tó ní ló fi sílẹ̀. Òótọ́ ni, Lúùkù 21 ni. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ni, kò yá a, kò sẹ́ni tó bù ú fún un, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹ̀ sí káàdì. Ẹ sì tún yíwèé padà ẹsẹ díẹ̀ péré, ìparí orí 20, ẹ máa rí i pé Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ bú àwọn akọ̀wé òfin tó ń jẹ ilé àwọn opó run tán ni, tí wọ́n ń fi àdúrà gígùn bojú. Àwọn tó ń fi opó yẹn wàásù bu owó fúnni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀ yẹn.

Ìdúpẹ́ tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ là sílẹ̀ ńkọ́? Ó wà nínú Léfítíkù orí 7, ẹbọ àlàáfíà fún ọpẹ́. Ẹran wà níbẹ̀, àkàrà aláìwú tí wọ́n fi òróró pò wà níbẹ̀, búrẹ́dì tó wú náà wà níbẹ̀. Òfin wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá rú u gan-an ni kí wọ́n jẹ ẹran ẹ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù di àárọ̀. Ẹ rò ó wò, ẹran odindi màlúù tàbí àgùntàn, báwo ni ìdílé kan ṣe máa jẹ ẹ́ tán kílẹ̀ tó mọ́? Ó di dandan kí wọ́n pe aládùúgbò. Nínú Diutarónómì 26 náà, ẹni tó gbé àkọ́so oko ẹ̀ wá, wọ́n ní kí òun àti ọmọ Léfì àti àlejò tó wà láàárín wọn jọ yọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ò ní ni ìdúpẹ́ àtijọ́ ń lọ. Tiwa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò ní. Ó dùn mí o, mo sì ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, ní kíláàsì àwọn àgbà lójú àwọn kọ́míìtì ìkórè.

(Mi ò sọ pé kí wọ́n fagi lé ìkórè. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tò sábẹ́ pẹpẹ, mo fẹ́ràn gbàǹjo ẹ̀yìn ìsìn, táwọn àgbà á máa fi owó gọbọi jà lórí àkùkọ kan ṣoṣo. Ká sáà ti jẹ́ kí ẹni tí ò ní káàdì lè wọlé láìtẹríba.)

* * *

Ẹ ti wá yà sí ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ báyìí. Arábìnrin tó wà ní Manchester, tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ìyá òun tó wá kí wọn láti Iléṣà ní ọmọ òun ò mọ ọpẹ́ dá torí orí àga ló ti ń sọ pé “thank you” fún màmá màmá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láìdúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Làwọn kan bá sọ pé òyìnbó ló bà á jẹ́, àwọn kan ní ìkúnlẹ̀ ò kan ọkàn.

Èmi rò pé àwọn méjèèjì ń kọ́ ọmọ yẹn ní nǹkan. Ìdúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà dáa gan-an, mélòó nínú wa ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wakọ̀ gbé e láti Ìbàdàn dé Èkó? Ohun tí màmá ń wá ni èyí tá a mọ̀ nílé, pé oore ò tán lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ilẹ̀ á mọ́, wàá dìde, wàá tọ ẹni yẹn lọ, wàá kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀, wàá ní ẹ ṣé àná o. Ká padà lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Mo sì gbà pé ohun tí Lúùkù 17 ń sọ náà nìyẹn.

Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá yẹn, a máa ń pe mẹ́sàn-án ní aláìmoore, àmọ́ wọn ò ṣe ohun tó burú, Jésù ló ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà, wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tó jẹ́ ará Samáríà ló dúró lójú ọ̀nà nígbà tó rí i pé ara òun ti dá, tó yí padà. Ẹ tún wo ohùn ẹ̀. Ẹsẹ 13 ní àwọn mẹ́wàá gbé ohùn sókè nígbà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ 15 ní òun nìkan ló fi ohùn rara yin Ọlọ́run. Ohùn tó fi tọrọ náà ló fi dúpẹ́. Bí mo bá ń gbọ́ àdúrà wa ní ìṣọ́ òru, bí ilé ṣe ń mì tìtì nígbà tá a bá ń bèèrè, tó wá dákẹ́ wẹ́lo nígbà tí wọ́n bá ní ká fi ìṣẹ́jú méjì dúpẹ́, ẹsẹ méjì yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

* * *

Ìyá wa tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá. Wọ́n ní: “Mo gbìyànjú lálẹ́ àná. Mo ní kí n ka oore. Nǹkan mẹ́ta ló wá sọ́kàn mi, lẹ́yìn náà ẹkún ló gbà mí.”

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá sọ ọ́. Mẹ́ta yẹn pọ̀. Ẹ má wá kún un kó lè pé mẹ́wàá, ẹ fi í sílẹ̀ ní mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ ìyá àgbà tó tọ́ mi, torí ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ èyí tí mo mọ̀. Ìdájí ni wọ́n máa ń jí wa fún àdúrà ilé, àwa ọmọdé á máa tòògbé sára ògiri, wọ́n á fa àtùpà sún mọ́ra. Àdúrà wọn kì í ṣe “a dúpẹ́ fún gbogbo oore rẹ” lásán. Wọ́n á ní, Baba, o ṣé tí ọkọ̀ tó gbé ọmọ yìí ò taku lọ́nà Ifẹ̀. O ṣé fún òjò àná, àgbá ti kún. O ṣé fún ìyàwó kékeré ilé kejì tó bá mi lọ ata. Lẹ́yìn ìyẹn, láìmí kanlẹ̀, wọ́n á ní, orúnkún yìí ń dùn mí o, mi ò fẹ́ ẹ rárá, wò ó fún mi. Orúnkún àti òjò wà nínú àdúrà kan náà. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, wọ́n á rán ọ̀kan nínú wa pẹ̀lú èkuru tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ sí ìyàwó kékeré ilé kejì, pé màmá ní ẹ ṣé fún ata àná.

Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún èèyàn tó bá bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ dárúkọ nǹkan náà gan-an. “Ẹ̀mí àti àlàáfíà” dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ń sọ lójoojúmọ́, ẹnu lásán ló máa dà, ọkàn ò ní bá a lọ mọ́. Omi tó gbóná dáadáa, ọmọ tó ṣe iṣẹ́ ilé láìjẹ́ pé ẹ pariwo, oníbàárà tó san gbèsè. Tí ẹnì kan bá sì wà nínú oore yẹn, ẹ wá a lọ tàbí kẹ́ ẹ pè é kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Nǹkan tó ń pa ìkùnsínú nínú ilé jù lọ nìyẹn, ju kéèyàn jókòó máa bá ara ẹ̀ wí lọ, torí ẹnu tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ láàárọ̀ kì í yá láti jágbe mọ́ ọn lálẹ́. Mo kúkú ti rí i nílé tèmi.

Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, ẹ má dúró dìgbà tára bá tù yín. Dáníẹ́lì ò bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé tó máa gbé e sọ sí kìnnìún. Orí 6 ẹsẹ 10 ní nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó wọ ilé lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó dúpẹ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára kí wàhálà tó dé.

* * *

“Àwọn kan wà ní mọ́ṣúárì, àwọn kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìwọ wà níbí, o ò wá lè dúpẹ́?” Èèyàn mẹ́rin ti kọ irú ẹ̀ síbí. Mo mọ̀ pé ìtùnú lẹ fi ṣe. Mi ò gbà á.

Ẹ gbọ́ àdúrà Farisí nínú Lúùkù 18. Àdúrà ọpẹ́ ni o! “Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ” ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dúpẹ́ pé òun ò rí bí àwọn ẹlòmíì, pàápàá bí agbowó orí tó dúró lọ́hùn-ún. Jésù ní agbowó orí ló lọ sílé pẹ̀lú ìdáláre. Ọpẹ́ tó ń fẹ́ kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀ kó tó lè dún, ẹ fura sí i. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúpẹ́ torí ọkọ yín ò bá iná lọ, ẹ rò ó láti orí ìjókòó obìnrin tí ọkọ tiẹ̀ bá iná lọ, tó ṣeé ṣe kó wà ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn yín lọ́jọ́ náà. Kí lòun fẹ́ fi dúpẹ́? Ẹ dúpẹ́ pé ọkọ yín wà láàyè torí pé ẹ nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tán.

Arákùnrin tó ní mo ń ba ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn jẹ́, mo ti gbọ́ o, èmi ṣì dúró síbi tí mo wà.

* * *

Ọ̀rọ̀ mìíì tó yọjú nìyí, ó sì ká mi lára ju gbogbo yòókù lọ. Olùkọ́ kan nílé ìwé aládàáni ní wọn ò sanwó fún àwọn fún oṣù bíi mélòó kan, ìgbà táwọn lọ béèrè, ọ̀gá tó ni ilé ìwé, tó tún jẹ́ àgbà ìjọ, ní kí wọ́n lọ kọ́ ọkàn ọpẹ́, pé àwọn tí ò níṣẹ́ pọ̀ níta. Ẹlòmíì ní ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ń lù ú, tí wọ́n sì ní kó máa dúpẹ́ pé ó nílé ọkọ.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọpẹ́. Ìlòkulò orúkọ Ọlọ́run ni. Ẹni tó jẹ èèyàn lówó ò lẹ́nu láti wàásù ọpẹ́ fún un, Jákọ́bù orí 5 sì sọ pé owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ń ké, pé igbe àwọn olùkórè ti dé etí Olúwa. Ẹni tí wọ́n ń lù, kó lọ síbi tí ọwọ́ ò ti ní tó o, kó sọ fún ẹni tó lè gbà á, ìgbà tó bá dé ibi ààbò ló máa ráyè dúpẹ́.

Ẹnì kan wá ní ṣebí Ọlọ́run fìyà jẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì torí kíkùn. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yẹn náà ló kérora ní Íjíbítì nínú Ẹ́kísódù 2, Ọlọ́run ò bá wọn wí, ó ní òun gbọ́. Kí ló wá yàtọ̀? Ẹ ka Númérì 11 ẹsẹ 5, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: a rántí ẹja tá a jẹ ní Íjíbítì lọ́fẹ̀ẹ́, àti apálà, àti bàrà, àti àlùbọ́sà. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ìlú tí wọ́n ti fi wọ́n ṣẹrú, tí Fáráò ti ní kí wọ́n máa ju ọmọkùnrin wọn sódò, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ibi tí wọ́n ti jẹun ọ̀fẹ́. Ìkérora sọ òótọ́ fún Ọlọ́run. Kíkùn ti Númérì yìí parọ́ mọ́ àná kó lè kórìíra òní, mánà ń bọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan lójú àwọn.

Torí náà olùkọ́, ẹ lọ béèrè owó yín. Ìyá wa oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ké sí Ọlọ́run bó ṣe ń ṣe yín, Orin Dáfídì 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “yóò ti pẹ́ tó, Olúwa”, ó sì fi orin parí, Orin Dáfídì 88 ò tiẹ̀ rí orin fi parí, inú òkùnkùn ló kásẹ̀ sí, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún ni irọ́ kíkùn, bíi kẹ́ ẹ máa sọ fún ọkọ yín pé kò ṣe nǹkan kan fún yín rí. Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́.

* * *

“Ṣé mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún iná yẹn fúnra ẹ̀?” Ìyá wa ló tún bèèrè.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ fi dáhùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn lọ́dún 1821, ọmọdé ni, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé àwọn òru kan wà tóun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Lọ́dún 1837 ló kọ lẹ́tà kan nípa ọjọ́ tí wọ́n kó wọn. Ó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì fi kún un pé wọ́n ti wá kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ alábùkún ní àwọn ọ̀nà mìíì. Ẹ ríyẹn? Kò pa ìbànújẹ́ rẹ́. Ó kọ méjèèjì sórí ìlà kan náà. Ọdún 16 ti kọjá kó tó kọ ọ́, òun àti ìyá ẹ̀ ò sì tíì padà ríra.

Abẹ́òkúta ló ti wá rí ìyá ẹ̀, Àfàlà, lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn ò pariwo, wọn ò jó. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ ìyá òun ń gbọ̀n bó ṣe di òun mú, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó ti rù, ó ń fi orúkọ tí ìyá àgbà òun fi ń pe òun ní kékeré pè òun, àwọn ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn kàn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn. Ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ yẹn nínú ìwé tó ń lò ni èyí tó ní Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, Orin Dáfídì 10 ẹsẹ 14, ó ní òun ò tíì mọ agbára ẹsẹ náà rí bíi tọjọ́ náà.

Iná yín ò tíì pé ọdún kan. Ohun tó gba Àjàyí ní ọdún 16 kó tó lè kọ ọ́, ta ni ìyá ẹgbẹ́ tó fẹ́ kẹ́ ẹ fi ijó sọ ọ́ kí ìkórè tó dé? Ẹ má dúpẹ́ fún iná. Ẹ dúpẹ́ fún ohun tẹ́ ẹ rí tí kì í ṣe iná.

* * *

Ìyá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìkórè pé, ọkọ wọn ní kí wọ́n lọ, kí ni kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́.

Ẹ lọ sí ìsìn, ẹ má gbélé. Ẹ dá káàdì padà fún akápò lọ́wọ́ méjì kí ọjọ́ tó pé, ẹ ní, mà, a ò lágbára ẹ̀ lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ra aṣọ yẹn. Tí ìyá ẹgbẹ́ bá tún sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ní ẹ̀ ń dúpẹ́ nílé, torí òótọ́ ni. Tí wọ́n bá pe ìdílé yín síwájú, ẹ lè dìde dúró níbi tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ, tó bá sì ṣe yín bíi kẹ́ ẹ rìn lọ síwájú láìjó, ẹ rìn lọ, ẹni tó bá ń wò yín á rí nǹkan wò.

Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ wá àwọn tó bá yín pọn omi lọ́jọ́ iná yẹn. Ẹ ò sọ ọ́, èmi ló kàn rò pé kò ní ṣàì sí ẹnì kan tó sáré wá, torí mi ò tíì rí iná ọjà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sáré jáde. Ẹ mú ọmọ kan dání, ẹ lọ bá wọn nídìí káńtà wọn, ẹ ní ẹ ṣé ọjọ́sí o. Bí nǹkan ẹlẹ́rìndòdò kan lásán lẹ bá mú lọ́wọ́, ó tó.

Ti gbèsè yẹn, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Arákùnrin kan wà níjọ wa tó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn olówó sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè pín in san díẹ̀díẹ̀, mo ti sọ fún un pé ẹ máa pè.